Etí fún Àlàájà Oníbọ́tìnnì

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ti rí iṣẹ́ gidi l'Ékòó, pé etí ni mò ń ṣe, ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ.

"Etí kí ni?" ló wá bi mí.

"Etí ènìyàn, Màmá."

"Ènìyàn wo?"

"Ẹni yòówù tó bá ti fẹ́."

Èsì yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ariwo tí ìyá mi pa mú kí ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo gbọ́ gbígbó ẹ̀ láti Kétu ilé wa dé Èjìgbò tí mò ń gbé. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi ènìyàn ṣówó! Etí ni wọ́n ní kó máa gé!" Mò ń pariwo pé rọ́bà ni, rọ́bà ni, ṣùgbọ́n ó ti ju fóònù sílẹ̀, ó ń wá bàbá mi kiri àgbàlá. Kí bàbá mi tó dé ìdí fóònù, káàdì tó wà nínú tèmi ti tán.

Mi ò lè bá a wí. Lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe é, díẹ̀ ló kù kí n sá.

Ọmọ Kétu ni mí, láti orílẹ̀-èdè Benin. Agbẹ́gilére ni bàbá mi. Ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé wa, láti kékeré ni mo sì ti ń bá a fín ojú wọn, tí mo ń bá a kùn wọ́n lọ́dà. Ṣùgbọ́n ère kì í bọ́ gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń lẹ táìlì l'Ékòó ní kí n máa bọ̀, mo sì bọ̀. Mi ò ní dá yín dúró sójú ọ̀nà. Mo wọkọ̀, mo sọ̀, mo bá ara mi ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, pẹ̀lú báàgì kan àti ike ata gígún tí ìyá mi dì fún mi.

Èrò ò dẹ́rù bà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mò ń sọ, síbẹ̀ a ò gbọ́ra wa. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ kí mi pé, "Háù fá, ẹ̀gbọ́n?" Mo ti kọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nílé ìwé, mo sì mọ̀ pé ó ń béèrè bí ibi tí mò ń lọ ṣe jìnnà tó. Mo ní, "Kò jìnnà. Èjìgbò ni." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, wàhálà tún dé.

"Kétu."

"Kétu Máìlì Tuẹ́ífù? Níbi tí wọ́n ti ń ta tòmátì?"

"Rárá o. Kétu ilé Alákétu. Ní Benin."

"Ẹ̀ẹ́n, ọmọ Ẹdó ni ẹ́! Ṣé o mọ Ọba Benin?"

"Kì í ṣe Benin yẹn. Benin tí wọ́n ti ń sọ Faransé."

"Ṣé o rí i báyìí! Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Àgànyìn ni ẹ́!"

Ibẹ̀ lorúkọ náà ti mọ́ mi lórí. Nínú ilé tí mo háyà yàrá sí l'Éjìgbò, Àgànyìn ni mí. Lẹ́nu iṣẹ́, Àgànyìn ni mí. Mo ṣàlàyé títí pé Yorùbá pọ́ńbélé ni mí, pé ìlú wa ti wà kí Òṣòdì tó ní bíríìjì. Wọ́n á gbọ́ mi tán, wọ́n á ní, "Òótọ́ lo sọ, Àgànyìn." Wọn ò fi ṣe ìkà, mo mọ̀. Àmọ́ bí mo bá dé yàrá mi nírọ̀lẹ́, tí mo ti ilẹ̀kùn, mo máa ń pe orúkọ ara mi sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan lè pè é lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ àwọn kápẹ́ńtà kan l'Éjìgbò ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n kò sí ojú nínú ẹ̀: ẹsẹ̀ àga, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ tábìlì. Tí wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán, mo máa ń mú àjákù igi, mo máa ń fi gbẹ́ ojú ènìyàn kí ọwọ́ mi má bàa gbàgbé. Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé tó fẹ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó ki bírò bọ irun. Dípò kó wo pákó tí wọ́n ń fi hàn án, ojú tí mo gbẹ́ ló mú nílẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, mà."

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Imú ẹ̀ dára. Ètè ẹ̀ dára, àfi bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ló wá ṣe etí ẹ̀?"

"Bí bàbá mi ṣe ń gbẹ́ etí nìyẹn, mà."

"Ṣé bàbá ẹ ò tíì rí etí rí ni?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Òótọ́ kúkú ni. Gbogbo ère tí bàbá mi ti gbẹ́, etí kan náà ni gbogbo wọn ní, ó dà bí ṣíbí. Obìnrin náà ní kí n wá rí òun ní Àjàó Estate lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àǹtí Ṣadé ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé ńlá ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ bà síbẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Lórí tábìlì funfun, wọ́n to etí sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọsàn: etí ńlá, etí kékeré, etí dúdú, etí pupa. Imú kan wà láàárín wọn. Ìka méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, wọ́n sì kun èékánná wọn. Àsìkò náà gan-an ni bàálù kan kọjá, gbogbo ilé gbọ̀n, àwọn etí náà ń mì lórí tábìlì bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo yí padà sí ilẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ?" Àǹtí Ṣadé ti mú etí kan, ó ká a pọ̀ bí ẹní, ó tú u sílẹ̀, etí náà sì padà sí bó ṣe wà. "Rọ́bà ni. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó sì rọ̀ bí ẹran ara. Sílíkónì ni wọ́n ń pe irú rọ́bà bẹ́ẹ̀.

Eyín ni Àǹtí Ṣadé ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún àwọn dókítà eyín. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan tí àìsàn ti jẹ imú ẹ̀ wá bá a, tó fi áńkáṣíìfù bo ojú, tó bi í pé ṣé ẹni tó mọ eyín ṣe ò lè ṣe imú ni. Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ó padà wá, ó sì ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni tí ìjàǹbá, iná tàbí iṣẹ́ abẹ bá ti mú nǹkan kúrò lójú tàbí lọ́wọ́ ẹ̀.

Òun ló kọ́ mi ní etí. Ó mú mi jókòó síwájú dígí, ó ní kí n fi amọ̀ mọ etí ara mi. Etí tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ ọ́n! Mi ò mọ̀ pé kọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí egungun líle níbẹ̀, pé eegun rírọ̀ bíi ti ṣóńṣó àyà adìẹ ni wọ́n fi awọ bò, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ tí kì í kán. Ó ní gbogbo kọ̀rọ̀ yẹn ló ní iṣẹ́, pé ńṣe ni wọ́n ń da ohùn jọ sínú ihò etí bí páànù tí wọ́n fi ń darí òjò sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ní kò sí ènìyàn méjì tí etí wọn bára mu, pé kódà etí méjèèjì tó wà lórí ẹnì kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì.

Etí àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe dùn mọ́ mi nínú débi pé mò ń gbé e lọ́wọ́ kiri ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Ṣadé gbà á, ó wò ó dáadáa, ó ní, "O káre. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti wá ní etí ọ̀tún méjì." Etí òsì ni ẹni náà ò ní. Mo wo ti ọ̀tún tó kù, mo sì ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo gbàgbé pé ó yẹ kí n yí i padà bíi ti inú dígí.

Àwọ̀ tún le ju ìrísí lọ. Nílé, ọ̀dà la máa ń kùn sójú ère, ó tán. Àmọ́ awọ ènìyàn kì í ṣe ògiri. Ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀ díẹ̀ kó tó padà jáde, ohun tó sì máa ń bá pàdé lábẹ́ ni ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìpele ìpele la ń fi àwọ̀ sí rọ́bà: pupa á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, yẹ́lò á tẹ̀ lé e, àwọ̀ ilẹ̀ á wá bo gbogbo ẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá kàn po dúdú tó kùn ún, táyà ló ṣe.

Láti ìgbà náà, etí ni mò ń wò kiri. Mo máa ń dúró lórí bíríìjì Òṣòdì lẹ́yìn iṣẹ́, tí èrò ń ya lọ ya bọ̀, etí wọn nìkan ni mò ń rí. Obìnrin kan dúró lójijì, ó di yẹtí ẹ̀ mú. "Bọ̀dá, wúrà kọ́ lèyí o. Ayédèrú ni." Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Etí yín gan-an ni mò ń wò." Ìyẹn tún wá burú sí i. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ìyá mi ní tiẹ̀ ò gba àlàyé kankan. Bàbá mi gbọ́ ọ, ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé irin wo la fi ń gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ìyá mi, bó bá ti pè mí lórí fídíò, kí ó tó kí mi, á ní, "Yí ojú ẹ sápá kan kí n rí etí ẹ." Mo bá yí i. "Èkejì." Mo tún yí i. Ìgbà tó bá rí méjèèjì tán ló tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó sì ti là á mọ́lẹ̀: tí òjò ọdún yẹn bá dá tí mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun fúnra òun á wá mú mi lọ sílé. Ìyá mi kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo mọ̀ pé ó máa wá.

Àsìkò yẹn ni Àlàájà Oníbọ́tìnnì wọlé tọ̀ wá.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ló ń tà ní Bọ́ládé. Ó wọ híjáàbù gígùn, ó wá gbé gíláàsì lé ojú, ó sì fi rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ṣòkòtò ọmọdé so gíláàsì náà yí orí ká. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú nígbà kan, etí òsì ẹ̀ sì bá a lọ.

"Ẹwà kọ́ ni mo bá wá o," bó ṣe ń jókòó ló ti ń sọ ọ́. "Ta ló ń rí etí mi? Ọlọ́run àti ọkọ mi. Àwọn méjèèjì ò sì ráhùn. Gíláàsì ni wàhálà mi. Bí mo bá so rọ́bà yìí le, orí á máa fọ́ mi. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ mú síìpù, ó di ilẹ̀. Mo yọ ọ́ lójú lọ́jọ́sí, mo sì gbé òwú aláwọ̀ ilẹ̀ fún télọ̀ tó ní dúdú lòún fẹ́. Ó rán kootù tán kó tó rí i lójú oòrùn. Ẹ bá mi ṣe nǹkan tí gíláàsì á gbé kọ́. Ẹ ṣe é láwọ̀ ewé, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Àwọ̀ yín gan-an la máa ṣe é, mà," ni Àǹtí Ṣadé wí.

"Nítorí kí ni? Ẹ ti gbọ́ tí mo ní ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

"Ẹ̀yin máa rí i, mà. Nínú dígí."

Àlàájà tún gíláàsì ẹ̀ ṣe.

Èmi ò rí orí Àlàájà rí. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Àǹtí Ṣadé ti bá a mú ìwọ̀n, ẹ̀dà etí ọ̀tún ẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dà ni wọ́n gbé fún mi. Etí àgbàlagbà ni: ó gùn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ti rọ̀ wálẹ̀ nítorí wúrà tó ti ń gbé láti ọmọdé. Mo yí i padà bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ìrísí ẹ̀ bọ́ sí i. Àwọ̀ ni kò gbà. Àǹtí Ṣadé ní kí n máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ Àlàájà, mo wò wọ́n títí tí Àlàájà fi ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?" Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, etí náà bá ọwọ́ ẹ̀ mu. Bí a bá gbé e síta, kò bá a mu mọ́. Iná ló ń tàn wá jẹ.

Nítorí náà ni mo fi sọ fún Àǹtí Ṣadé pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ sílé, kí n lè wò ó nínú oòrùn àárọ̀ kí n tó wá síṣẹ́. Ó ní kò burú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé etí náà sórí àwo funfun, mo gbé àwo náà sójú fèrèsé mi, mo sì lọ wẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú ilé wa tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wàlíyù. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ayálégbé, bó bá sì sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Ó ń lọ sá aṣọ. Mo wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ wà lára mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Yéè! Etí o! Etí ènìyàn rèé o!"

Kí n tó ró táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, ilé ti dà síta. Ẹnì kan ti ti géètì. Wọ́n dúró yí fèrèsé mi ká, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Yàrá ta ni?"

"Yàrá Àgànyìn ni!"

Orúkọ tí wọ́n ti ń fi bá mi ṣeré látọjọ́ yìí wá di nǹkan mìíràn lẹ́nu wọn. Àwọn tí mo ń kí láràárọ̀ ń wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo Yorùbá sá kúrò lẹ́nu mi. Faransé ló jáde. "C'est du caoutchouc!" ni mò ń pariwo, ìyẹn ni pé rọ́bà ni. "Caoutchouc! Caoutchouc!"

"Ó ti ń pọfọ̀ o!" ni ọkùnrin kan ké, gbogbo wọn sì fò sẹ́yìn.

Mo rí igi lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá ká irú nǹkan yẹn mọ́ lọ́wọ́ l'Ékòó, tí wọn kì í dúró bi í léèrè. Mo kúnlẹ̀. Mo dojú kọ Ìyá Wàlíyù nìkan, nítorí òun ló máa ń bi mí láràárọ̀ bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀gá mi. Fóònù mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun."

Ó nawọ́ dá àwọn ọkùnrin dúró. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Ó mú fóònù, ó pè é, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn Àǹtí Ṣadé jáde: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ba etí yẹn jẹ́ o! Àti oníṣẹ́ mi! Mò ń bọ̀, mò ń gbé ẹni tó ni ín bọ̀!"

"Ẹni tó ni ín?" ni wọ́n ń bi ara wọn. "Ó ṣì wà láyé?"

Wọ́n mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Ọṣẹ gbẹ mọ́ mi lára. Mo ronú kan ìyá mi, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe àsìkò tó máa ń pè nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé. Àlàájà ti kúkú wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó wá wọ etí náà wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀, rọ́bà lórí, gíláàsì lójú, ó sì la àárín èrò kọjá.

"Ta ló gbé etí mi?"

Ìyá Wàlíyù ń wò ó. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ta síìpù ní Bọ́ládé?"

"Èmi ni. Obìnrin bíi tèmi ni ẹ́, mú mi wọ yàrá ẹ. Kí àwọn obìnrin tó bá fẹ́ mọ òótọ́ tẹ̀ lé wa. Kí ọkùnrin kankan má wọlé."

Wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Àwa ọkùnrin dúró síta, a ò rójú wo ara wa. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú Ìyá Wàlíyù ti pọ́n. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó gbé àwo náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, ó gbé e fún mi.

"Ẹ ṣí géètì," ó ní. "Etí Àlàájà ni. Ọmọ yìí ló ń bá a ṣe é. Ìwọ, dìde, lọ fomi ṣan ara ẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wà níwájú ilẹ̀kùn mi. Ọkùnrin tó ní mò ń pọfọ̀ wá bẹ̀ mí, ó sì ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí òun gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n yí orúkọ mi padà nínú ilé. Aṣetí ni wọ́n ń pè mí báyìí. Mo ti rò ó pé ṣé ìyẹn ni pé mo ti di ọmọ ilé. Ẹni tí wọ́n bí síbì kan kì í ronú pé òun ń gbé ibẹ̀. Àlejò ló ń ronú ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ẹnì kan ti wà nínú ilé náà tó lè ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí kó tó mọ̀ bóyá mo jàre. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n tún ń pè ní ìlú ẹni ju ìyẹn lọ.

Lójú fèrèsé yẹn náà ni mo sì ti rí ohun tó kù nínú àwọ̀ náà. Pupa ni. Oòrùn àárọ̀ ń gba etí ènìyàn kọjá, ó máa ń pọ́n léteetí, tèmi ò pọ́n. Mo tún un dà, mo fi pupa díẹ̀ kún ìpele ìsàlẹ̀, ó sì tán.

Ọjọ́ tí Àlàájà wá gbé e, Àǹtí Ṣadé mú un lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Ó ń ṣàlàyé bí yóò ṣe máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, bí yóò ṣe máa yọ ọ́ tó bá fẹ́ sùn, tí yóò fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, tí yóò jẹ́ kí awọ ara ẹ̀ sinmi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ní, "Dígí rèé, mà."

Bàálù kan fò wá, ó fò lọ.

"Ẹ má tíì gbé dígí lọ," ohùn Àlàájà ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n tún wò ó díẹ̀ sí i."

Nígbà tó jáde, híjáàbù ti padà sórí. Gíláàsì náà jókòó dáadáa lójú ẹ̀, apá rẹ̀ wọ abẹ́ híjáàbù lọ́tùn-ún lósì, kò sí rọ́bà. Ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí ẹni mú nǹkan nílẹ̀, ó dìde. Gíláàsì ò mira. Ó wá wo ojú mi tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé bó o ṣe rí rèé?" ó ní. "Látọjọ́ yìí, mo rò pé ọmọ tó rẹwà ni ẹ́."

Àǹtí Ṣadé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Inú ẹ̀rín yẹn la wà tí fóònù mi fi dún. Ìyá mi ni, lórí fídíò. Òjò ti dá. Ó ti múra tán láti wá.

"Yí ojú ẹ sápá kan—"

"Gbé e wá," ni Àlàájà wí, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ kú ilé o, ìyá ọmọ. Èmi ni mo ni etí tí wọ́n ní ọmọ yín gé."

Mo gbọ́ tí ìyá mi kígbe Ọlọ́run. Àlàájà ní kí wọ́n farabalẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi nǹkan hàn wọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ló lè rí i. Ó ní kí n yíjú. Mo yíjú sí ògiri. Mo gbọ́ ìró aṣọ, mo gbọ́ tí gọ́ọ̀mù ya díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi figbe ta. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé: ìyá mi ń rẹ́rìn-ín láti inú ikùn wá.

"Ẹ dá a padà! Ó wọlé? Ó mà wọlé! Ọmọ tèmi ló ṣe ìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yọ, ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó ilé wa kó wá wò ó!"

Àlàájà tún un yọ. Àwọn obìnrin ń pọ̀ sí i nínú fóònù, ohùn lórí ohùn, ará Kétu ń bi ará Ìsẹ́yìn léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbọ́ra wọn.

"Bàbá ẹ fẹ́ yọjú wò ó," ìyá mi ké sí mi láàárín ẹ̀rín. "Mo ti ní kó kọjú sógiri!"

Báyìí la ṣe wà, bàbá mi ní Kétu, èmi ní Àjàó Estate, àwa méjèèjì tí à ń fọwọ́ ṣe ojú ènìyàn jẹun. A kọjú sí ògiri, a ń gbọ́ ẹ̀rín.